Omi Tí Aláìsàn Bèèrè

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn náà ń fẹ́ ìtumọ̀.

Ní Ilémọnà tiwa, nítòsí Ọ̀fà, bí a bá ní, ‘Ṣé àlàáfíà ni?’, ara nìkan kọ́ ni à ń bèèrè. Ìfọ̀kànbalẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Nọ́ọ̀sì gbé omi mímu wá. Omi àlùwàlá ni ìyá ń fẹ́. Ó kọjú sí ògiri, kò sì bèèrè mọ́.

Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo ti fi ọ̀nà hàn wá ní Aró, Abẹ́òkúta. Ó fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sáàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn. Ó gba oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kò sì pa oògùn òyìnbó tì. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì di olùwádìí. Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú wọn nìyí: báwo ni a ó ṣe bi aláìsàn nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, láìfi tiwa kọ́ ọ lọ́rùn?

Àdúrà kò gba ipò oògùn. Oògùn kò sì gba ipò ìbéèrè. Kí nọ́ọ̀sì tó bu omi, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: omi wo?