Nípa Ṣíṣe Ọkọ̀ Mọ́tò Kékeré: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Òbí àti Ọ̀dọ́ Ìlú Ìwó



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ yóò máa wí nínú ọkàn wọn pé, kí ni àgbàlagbà ní í fi ọkọ̀ agolo ṣe? Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù tẹ́tí sí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi hàn yín, òun náà ni pé, ọmọ tí ó jókòó ti agolo mílíìkì láti fi ṣe ọkọ̀, tí ó sì wọn ún kí ó tó gé e, kì í ṣe eré lásán ni ó ń ṣe. Ó ń kọ́ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ láti má ṣe purọ́. Bí òbí bá sì tẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà mọ́lẹ̀, tí ó sọ ọ́ sí ààtàn, kì í ṣe agolo nìkan ni ó sọ nù.

I. OHUN TÍ IṢẸ́ NÁÀ JẸ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọkọ̀ kékeré tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí a rà lọ́jà tí a sì gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Èyí tí a fi ọwọ́ ṣe ni, tí a fi wé ọkọ̀ ńlá kan pàtó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí i yóò wí pé, Ìjàpá ni èyí, tàbí pé, ọkọ̀ akẹ́rù nìyí.

Kò sí ẹni tí ó ti òkèèrè gbé iṣẹ́ yìí wá fún wa. Ní Ìwó Olódò Ọbà níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ ti ń ṣe é tipẹ́. Wọn a mú agolo sàdíìnì ṣe ara ọkọ̀; wọn a gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tí ó ti gbó ní róbótó ṣe táyà; wọn a sì fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ fún èyí tí ó kéré. Àwọn mìíràn a gbẹ́ ẹ láti ara ìmọ̀ ògùrọ̀, nítorí pé ó fúyẹ́, ọ̀bẹ kékeré sì lè gé e. Ní ilẹ̀ Màláwì, wáyà ni àwọn ọmọ ń tẹ̀ títí yóò fi di ọkọ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é, galimoto, ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ mọ́tò gan-an.

II. BÍ Ó TI RÍ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Bí a bá sọdá sí òkè òkun, a ó rí i pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò fi ojú yẹpẹrẹ wo iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Liverpool, Frank Hornby, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Meccano sílẹ̀, gbé àwọn ọkọ̀ kékeré onírin jáde ní ìparí ọdún 1933. Ní 1934 ni a sì ń pè wọ́n ní Dinky Toys. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà ni wọ́n fẹ́ kí ó bá mu, ibẹ̀ sì ni ìwọ̀n 1/43, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́tàlélógójì, ti gbilẹ̀ láàrín àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ kékeré títí di òní.

Ní 1952, ọmọbìnrin Jack Odell ní Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sí ilé-ìwé kan tí kò gba ohun ìṣeré tí kò bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Bàbá rẹ̀ fi idẹ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún un, irú èyí tí a fi ń tẹ ojú títì. Láti inú èyí ni àwọn ọkọ̀ Matchbox ti jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ kíyè sí i pé nítorí ọmọbìnrin ni a ṣe ń ṣe é. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé ọmọbìnrin kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, kí ó wí pé ti ọkùnrin ni.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ AMT gbé páálí kan jáde ní 1958, tí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí a fi ike ṣe, wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á lè tò ó ní ọ̀nà mẹ́ta: bí ọkọ̀ náà ti rí nígbà tí ó ti ilé-iṣẹ́ jáde, tàbí bí ọkọ̀ ìdíje, tàbí kí ó tún un ṣe bí ó ti wu ọkàn òun tìkára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ní 1930, ilé-iṣẹ́ Fisher Body, tí ó jẹ́ ti General Motors, ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Ẹgbẹ́ yìí, tí ó wà títí di 1968, a máa pè wọ́n sí ìdíje iṣẹ́ ọwọ́, a sì máa fi owó ẹ̀kọ́ gíga ta àwọn tí ó bá ṣe dáradára jù lọ́rẹ. Kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ni ó di ayàwòrán ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀nà yìí ti di ti ìgbà àtijọ́. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá títí di òní, a ṣì ń fi amọ̀ mọ ọkọ̀ tuntun kí a tó fi irin ṣe é. Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Jelani Aliyu, tí ó dàgbà ní Sókótó, tí ó sì fẹ́ràn àti máa yàwòrán ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó ṣáájú nínú yíyàwòrán ìrísí ọkọ̀ Chevrolet Volt, èyí tí a fi han gbogbo ayé ní Detroit ní 2007. Ní 2017 a fi í ṣe olórí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀ràn ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà.

III. ÌWỌ̀N

Níbi tí a dé yìí ni pàtàkì ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn agbẹ́gilére wa ní ìgbà àtijọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe orí ère tóbi ju bí ti ènìyàn ti rí lọ, nítorí ọlá tí wọ́n fi fún orí. Ọgbọ́n tiwọn nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òfin ọkọ̀ kékeré yàtọ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a ó yàn, òun ni a ó sì fi pín gbogbo ara ọkọ̀ náà láì ṣe ojúsàájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 4.08. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.40. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 1.54, gíga rẹ̀ sì tó mítà 1.50. Bí ọmọ bá fi 24 pín wọn, gígùn ọkọ̀ kékeré rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ yóò jẹ́ 10 géérégé, fífẹ̀ yóò jẹ́ 6.4, gíga yóò sì lé díẹ̀ ní 6.

Títí dé ibẹ̀ ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò ni ọmọ náà ní lọ́wọ́ láti fi ṣe ẹsẹ̀, ìdérí ìgò sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.2. Táyà Ìjàpá ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 64. Bí a bá fi 24 pín in, 2.7 ni yóò kù. Ìdérí náà tóbi jù, bí a bá sì fi í sí i bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà yóò dàbí ọmọdé tí ó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Kí ni kí ó ṣe? Kò lè sọ ìdérí ìgò di kékeré. Nítorí náà, ohun tí kò lè yí padà ni kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí ó fi 3.2 pín 64, yóò rí 20. Nígbà náà, 20 ni kí ó fi pín gbogbo ìyókù: gígùn yóò di sẹ̀ǹtímítà 20.4, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ yóò di 12, fífẹ̀ 7.7, gíga 7.5. Ọkọ̀ náà yóò sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bi yín: ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, ṣé yóò tún bẹ̀rù ìṣirò pípín mọ́? Pàtákó ìkọ̀wé lè sọ fún un pé ó ṣì í. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ yóò fi àṣìṣe náà hàn án lójú, kò sì sí ẹni tí yóò bá jiyàn.

Ní ti ọ̀nà tí a fi ń ṣe é, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́, ti iwájú, àti ti òkè sórí bébà, kí gbogbo rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n kan náà. Kí ó lẹ bébà náà mọ́ ara ìmọ̀ ògùrọ̀, kí ó sì gbẹ́ ẹ títí yóò fi bá ìlà mu. Bí ó bá jẹ́ agolo ni yóò lò, kí àgbàlagbà kan wà nítòsí rẹ̀, kí a sì ká etí agolo náà padà sínú, nítorí ó mú ju ọ̀bẹ lọ. Àwọn ọ̀pá méjèèjì tí ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ gbọdọ̀ wà ní ọgbọọgba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ náà yóò máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà gbogbo. Ní ti ọ̀dà, ìta gbangba ni kí a ti kùn ún, kí ó sì fẹ́lẹ́. Kí ti ìṣáájú gbẹ pátápátá kí a tó kun èkejì.

IV. ÌTÚNṢE ÀTI Ọ̀ṢỌ́

Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù, èyíinì ni pé kí a mú ọkọ̀ kí a sì tún un ṣe, kí a fi ọ̀dà mìíràn kùn ún, kí a rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí a sọ ọ́ di irú mìíràn. Èyí pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù Bedford gbòde, irin ìsàlẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni ó ń ti Ìlú Ọba wá. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń kan ara rẹ̀ ní pákó, àwọn akun-ọ̀dà wa ni ó sì ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àlejò ṣe di bọ́lẹ̀kájà tiwa. Ọmọ tí ó bá kọ òwe sí ẹ̀yìn ọkọ̀ agolo rẹ̀, tàbí tí ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè bíi dáńfó Èkó, tí ó sì fa ìlà dúdú sí i lára, ipasẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ni ó ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà bí ó ti rí ná. Ẹni tí kò tíì mọ bí òrùlé ti ga tó kò lè mọ ohun tí ó gé kúrò. Ọ̀ṣọ́ tí a fi bo iṣẹ́ tí kò péye kì í pẹ́ tú.

V. ÌDÁHÙN SÍ ÀTAKÒ

Àwọn kan yóò wí pé, iṣẹ́ ilé-ìwé ni kí ọmọ gbájú mọ́. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ọkọ̀ agolo gba ipò ìwé. Kí ó ní wákàtí tirẹ̀, bí ọjọ́ Sátidé tàbí ìgbà ìsinmi. Àwọn mìíràn yóò wí pé owó ni yóò ná wa. Mo dáhùn pé agolo, sílípáàsì tí ó ti já, àti ìdérí ìgò kò ní iye. Ohun tí ń ná wa lówó ni ọkọ̀ ike tí à ń rà nígbà ọdún, tí ó sì ń fọ́ kí oṣù tó parí, tí ọmọ kò sì mọ bí a ti ṣe é títí ó fi dé ààtàn. Bí àgbàlagbà bá sì fẹ́ràn àti máa ra èyí tí ó wọ́n láti òkè òkun, kí ó rántí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ná.

Èmi kò sì wí pé gbogbo ọmọ tí ó bá ṣe ọkọ̀ kékeré ni yóò di ayàwòrán ọkọ̀ ní Detroit. Bóyá kò ní sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn, ẹni tí yóò rán aṣọ, àti nọ́ọ̀sì tí yóò wọn oògùn fún wa, gbogbo wọn ni ó nílò ọwọ́ tí kì í sọ pé ó ti tó nígbà tí kò tíì tó. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í hù ní ọjọ́ kan.

VI. OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ÌWÓ

Ní ìparí, mo mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá. Èkíní, kí olúkúlùkù òbí fún ọmọ rẹ̀ ní páálí kan àti igun kan nínú ilé, kí a má sì ṣe gbá ohun tí ó bá wà níbẹ̀ dànù láìbi í léèrè. Èkejì, kí a ra rúlà kan fún un kí a tó ra ọkọ̀ ìṣeré mìíràn. Ẹ̀kẹta, ní ìgbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí a kó iṣẹ́ àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, jọ sínú gbọ̀ngàn yìí. Kí a pe káfíńtà kan àti mẹ́káníìkì kan láàrín ìlú láti ṣe onídàájọ́, kí wọ́n sì mú rúlà dání. Kí wọ́n má ṣe bi ọmọ pé èló ni ọ̀dà rẹ̀. Kí wọ́n bi í pé nọ́ńbà wo ni ó fi pín, kí wọ́n sì wọn ọkọ̀ náà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó sọ.