Ta Ni Yóò Ka Ìwé Àfọwọ́kọ Ilé Wa?



Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Lájà, l'Ọ̀wọ̀ níbí. Amọ̀ lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún nínú ilẹ̀ kó má jẹrà. Ìwé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ikán àti òjò kì í dá a sí. Bí a bá tilẹ̀ rí i tọ́jú, ṣé a rí ẹni tí yóò kà á?

Àwọn ará Rọ́ṣíà àti Bọ̀gáríà náà bá ìṣòro yìí pàdé. Àwọn tó ń da ìwé ìjọ wọn kọ láyé àtijọ́ sábà máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ láìfi àlàfo sí i, wọ́n á gé òmíràn kúrú, wọ́n á sì fi àmì lé e lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Achim Rabus, ní Yunifásítì Freiburg ní Jámánì, lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Transkribus láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú àbọ̀ tó gbé jáde ní 2019, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ṣe dáadáa, lẹ́tà tó ṣì kà kò ju bíi 4 lọ nínú 100.

Ẹ̀rọ náà kò bá ìmọ̀ wáyé o. Ẹni tó lè ka ìwé ọ̀hún ló ń kọ́ ọ. Ó ń tẹ ohun tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ojú ewé náà. Bí ó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ bíi 5,000 sí 15,000, ẹ̀rọ á ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, á sì lè máa ka ojú ewé tó kù.

Àwa náà ní ìwé tó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham títí dòní. Àwọn àáfà Ìlọrin fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Nílé tiyín ńkọ́? Ìwé ilẹ̀, ìwé ìpàdé ẹbí, ìwé ìrìbọmi, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ẹ tẹ́ ìwé náà pẹlẹbẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kí oòrùn má ràn án tààrà. Ẹ di fóònù mú lókè rẹ̀ gan-an, kí ẹ ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá ìyá tàbí bàbá tó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Bí àgbà bá ń kà, kí ọ̀dọ́ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tún sípẹ́lì àtijọ́ ṣe rárá.

Èyí tí àgbà bá kà fún wa ni a ó fi kọ́ ẹ̀rọ. Bí a bá jẹ́ kí àwọn tó lè kà á tán nílé, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá wa wá wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí.