Igi Bunya àti Àwọn Tí Ó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ igi kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni mo mú wá. Bunya ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó a máa pè é ní páìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan páìnì ni. Orí àwọn òkè gúúsù ìlà-oòrùn Queensland ni ilé rẹ̀ gan-an.

Èso rẹ̀ tóbi ju orí ènìyàn lọ. Òmíràn a wọn kìlógíráàmù 10. Hóró 50 sí 100 ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ a máa jẹ ẹ́ ní tútù, wọn a sun ún, wọn a lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, wọn a sì rì í sínú ẹrẹ̀ de ọjọ́ iwájú.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń so wọ̀ǹtìwọnti. Nígbà náà ni wọn a ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà mìíràn, tí àlejò yóò sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ń ṣe ètò ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù. Ṣùgbọ́n igi kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tí ó ni ín, ọmọ a sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń jogún igi obì.

Ní ọdún 1842, Gómìnà George Gipps pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi náà, kí a má sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1860, ìjọba titun ti Queensland pa òfin náà rẹ́. Àwọn alágẹdú àti àwọn olówó màlúù wọlé. A lé àwọn onílẹ̀ kúrò, ìpàdé ńlá náà sì tú ká. Ní 1908 ni a sọ òkè Bunya di igbó àbò ìjọba. A dá igi sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín kò sí nílé mọ́. Lóde òní ni àwọn ọmọ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí péjọ.

Ẹni tí yóò bá gbìn ín, kí ó lo hóró tútù, kí ó sì fi sínú ilẹ̀ ọ̀rinrin, ní ibi òjìji, tí ó jìnnà sí ilé àti ọ̀nà, nítorí èso tí ó bá já lulẹ̀ lè pa ènìyàn. Kí ó má ṣe kánjú hú u wò: hóró náà a kọ́kọ́ ta bí iṣu kékeré nínú ilẹ̀, oṣù púpọ̀ a sì kọjá kí ewé tó yọ. Ọmọ ẹni ni a ń gbìn ín fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tí ó dá igi sí tí ó sì lé onígi lọ, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.