Èṣù Kì í Ṣe Sàtánì, Ṣùgbọ́n N Kò Ní Fọwọ́ sí Ìwé Ẹ̀sùn Yìí

 

Ìwé ẹ̀sùn kan ni àwọn ọ̀dọ́ wa gbé wá sílé mi ní Ìrẹ̀mọ níbí. Ajíhìnrere kan tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí oríta wa ní ìdájí ni wọ́n fẹ́ fi sun ọlọ́pàá. Ohun tó ń wí kò ṣàjèjì sí yín: pé Èṣù ni baba aburú, pé iná ló tọ́ sí ojúbọ wa. Inú bí mi. Ọmọ-ọmọ mi ti sunkún délé rí, torí pé wọ́n pè é lọ́mọ Sàtánì ní kíláàsì.

Nígbà tí Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣíwájú rẹ̀, orúkọ Èṣù ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ ṣí ìwé Mátíù orí kẹrin: Èṣù wà níbẹ̀, Sàtánì náà wà níbẹ̀, nínú orí kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá lè yá Sàtánì lò, kí ni wọ́n tún ń fi Èṣù, agbẹ́bọ ròde ọ̀run, ṣe? Láti ìgbà náà ni ìdílé púpọ̀ ti ń sá fún orúkọ wọn. Èṣùgbàyí mà ni orúkọ Eléko ti Èkó tó bá ìjọba òyìnbó ṣẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, tó sì padà sórí oyè ní 1931. Kò sọ ọ́ di Jésùgbàyí.

Àwọn ọ̀dọ́ ka òfin fún mi. Abala 204 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ní ẹni tó bá ṣe ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn kan kà sí ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn wọn ní gbangba lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Mo rán wọn létí oṣù Ògún 2023. Wọ́n mú Adégbọ́lá Abdulazeez, Tani Ọlọ́hun, oníṣẹ̀ṣe bíi tiwa, n'Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn aláfáà. Ó pẹ́ ní àhámọ́. A pariwo nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ti ènìyàn mọ́lé. Ṣé a ó wá yí ohùn padà nítorí pé ìbínú ti di tiwa? Abala 38 àti 39 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ajíhìnrere náà ní in pẹ̀lú.

Bí ó bá fọwọ́ kan ojúbọ, tàbí tó rán ènìyàn láti sun ún, ẹ pe ọlọ́pàá kí ẹ tó pè mí. Mo mọ̀ pé iná tó ń dárúkọ sún mọ́ ààlà yẹn. Mo ti rán àgbà méjì lọ kìlọ̀ fún un. Ti ariwo ìdájí, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò pàápàá kò rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ Ifá tó ń bọ̀, nírọ̀lẹ́, a ó jókòó sí oríta kan náà láìgbé gbohùngbohùn. Èmi ó mú Bíbélì dání, n ó ṣí Mátíù orí kẹrin fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Mo ti ránṣẹ́ pe ajíhìnrere náà. Kò tíì fèsì.