Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣù: Ẹni tó múni wá sílùú

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní ọjà Bódìjà,

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí à ń mú wá láti abúlé la fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó kàn jí lówùúrọ̀ tó forí lé Ìbàdàn láìmọ ẹnì kankan. Ẹni tó wá láti Ṣakí, ọ̀dọ̀ ará Ṣakí ló máa kọ́kọ́ dé sí. Bí òun náà bá ti rí jẹ, á ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn bàbá wa ṣe lọ sí Gánà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń mú ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, ará Ọ̀fà ń mú ará Ọ̀fà. Ọmọ á sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ọjà fún ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n á wá fún un lówó okòwò tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí nílé lọ̀pọ̀ wọn padà sí. Ní ti àwọn ará Èjìgbò, Abidjan ni wọ́n mọ̀nà jù, ará ilé ló ń fa ará ilé lọ síbẹ̀.

Okùn ará ilé dára. Ṣùgbọ́n okùn yìí kan náà lè di ọmọ lọ́wọ́. Ìyá tó wà lábúlé kì í béèrè àdéhùn, torí ó ní “ọmọ wa ló mú un lọ.” Ọ̀kan nínú wa gba ọmọbìnrin kan láti Òkè-Ògùn. Ọdún kan àtààbọ̀ lẹni tó mú un wá fi ń gba owó oṣù rẹ̀, ìyá ọmọ ò rí kọ́bọ̀. Ìgbà tọ́mọ bú sẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù la tó mọ̀. Ojú tì wá, torí ojoojúmọ́ la ń rí i, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àwa sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín. Ẹni tó bá gba ọmọ, kó mú un wá, ká kọ orúkọ abúlé àti ti òbí rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Owó iṣẹ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ tàbí òbí rẹ̀ ni ká fún, ká má fún ẹni tó mú un wá. Ọmọ tó yẹ kó wà níléèwé, ẹ jẹ́ kó lọ síléèwé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003.

Àwọn bàbá wa ò jẹ́ kí àbúrò wọn sìn lásán ní Gánà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó sìn wá náà rí nǹkan mú relé.