Fótò Yíyà Nínú Gbọ̀ngàn Tí Iná Kò Tó

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó jáde ní 1974 bá wa sọ níbi àpèjẹ ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

  

Akọ̀wé ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe lè ya fótò ayẹyẹ nínú ilé tí iná kò tó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pe fótògíráfà gidi. Ó ní gbogbo àwọn tó ń fi fótò jẹun ló ní kí a sanwó. Ẹ rí i pé ìdí tí mo fi dúró níwájú yín kò le rárá. Ìwé owó ni mo fi ọdún 35 ṣe, eré ọwọ́ dídilẹ̀ ni kámẹ́rà jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe eré náà, mo sì ti ba fílíìmù jẹ́ lọ súà. Ẹni tó bá ti ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó rí nǹkan sọ.

Kí n tó lọ jìnnà, gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Àwọn kan nínú yín mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn kan kò mọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1988, a péjọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa láti dágbére fún olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìṣirò, tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. A dá owó jọ, a rán agbádá sányán fún un. Èmi ni wọ́n ní kí n ya fótò, torí èmi nìkan ni mo ní kámẹ́rà tó ṣe é fi yangàn, Pentax K1000 àlòkù kan báyìí. Orí mi wú. Mo ra fílíìmù ẹlẹ́ni 36, ASA 100, irú èyí tí mo máa ń lò níta gbangba nínú oòrùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi pé bí ihò lẹ́ǹsì bá kéré, gbogbo nǹkan ló máa hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo bá gbé e sí 5.6, mo sì fi í síbẹ̀.

Nígbà tó kọjá aago méje alẹ́ díẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù mẹ́rin péré ló sì tàn nínú gbọ̀ngàn ràgàjì yẹn. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà mi dùbúlẹ̀ gbalaja, kò mira. Mo rí i o. Mo rí i, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ, torí Baba ti gbé agbádá náà wọ̀, wọ́n ti ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo èèyàn sì ń pariwo pé, "Fótò! Fótò!"

Nígbà tí mo lọ gba iṣẹ́ mi, méjì ló jáde nínú 36. Ọ̀kan jẹ́ ti abọ́ ìrẹsì kan tó wà lábẹ́ gílóòbù gan-an. Èkejì jẹ́ ìpàkọ́ ẹnì kan tí mi ò tíì mọ̀ títí di òní. Bí ẹni náà bá wà níbí, kó jọ̀ọ́ rí mi lẹ́yìn oúnjẹ.

Mo fi ìbínú kojú ọkùnrin tó fọ fílíìmù náà. Mo ní oògùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bá mi jà. Ó gbé nẹ́gẹ́tífù sókè sí ojú iná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo etí rẹ̀. Ṣé ẹ rí nọ́mbà àti orúkọ wọ̀nyí? Àwọn tó ṣe fílíìmù ló ti fi ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wọn. Ó hàn ketekete, àbí? Bó bá jẹ́ pé oògùn mi ló bàjẹ́, àwọn nọ́mbà yìí náà ò ní hàn. Àárín rẹ̀ tó mọ́ gaara yìí, ìmọ́lẹ̀ ni kò débẹ̀." Mi ò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà, etí fílíìmù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Baba papòdà ní 1991. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá ẹgbẹ́ wa pé àwọn ń wá fótò ọjọ́ tí Baba wọ agbádá tí a rán fún un, kí àwọn lè fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú. A kò ní in. Fótò pásípọ́ọ̀tù kékeré kan ni wọ́n pàpà fẹ̀ tóbi, ojú Baba sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ní bèbè ààlà. Gbèsè tí mo ń wí nìyẹn.

Ó wá dùn mí jù pé ìṣirò lásán ni ọ̀rọ̀ náà, ìṣirò tí Baba fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bí fótò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó: bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, bí ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn kámẹ́rà, ṣe pẹ́ tó kó tó padé, àti bí fílíìmù ṣe yá sí gbígba ìmọ́lẹ̀ tó. Nọ́mbà ihò yìí ló máa ń da èèyàn láàmú, torí nọ́mbà kékeré ló ni ihò ńlá. Lẹ́ǹsì mi lè ṣí dé 2. Láti 5.6 wá sí 2, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á di bí ìlọ́po 8. Fílíìmù ASA 400 sì wà lọ́jà nígbà náà, ìyẹn tún jẹ́ ìlọ́po 4. Ẹ bá mi sọ 8 di ọ̀nà 4. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlọ́po 32 ìmọ́lẹ̀ ni mo tì mọ́ ìta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ra lẹ́ǹsì tuntun.

Ẹ ó ní, fíláàṣì ńkọ́? Mo ní ọ̀kan. Bátìrì rẹ̀ ló wà nílé. (Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín mọ́.) Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ibi tí mo dúró sí kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Fíláàṣì kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń ní nọ́mbà agbára, ká ní 20, lórí fílíìmù 100. Ẹ fi nọ́mbà ihò lẹ́ǹsì pín in, ẹ ó mọ mítà tí ìmọ́lẹ̀ náà máa dé. Bí ihò bá jẹ́ 4, mítà 5 ni. Bó bá jẹ́ 5.6 tèmi, kò ju mítà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ, èmi sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kàn án. Òun ló fà á tí ẹni iwájú fi máa ń funfun bí ẹfun nínú fótò àríyá, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tan fíláàṣì sí pẹpẹ, gèlè ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń yà.

Mi ò sọ pé fíláàṣì burú o. Malick Sidibé, ọmọ Màlì tó di olóògbé ní 2016, fíláàṣì ló fi ya àríyá àwọn ọ̀dọ́ ìlú Bamako. Fótò rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ti ọdún 1963, ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń jó níbẹ̀ lálẹ́ Kérésìmesì. Ní 2007 wọ́n fún un ní Kìnnìún Oníwúrà ní Venice. Ẹ wo fótò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé kò dúró sẹ́yìn ilé. Ó wọ àárín agbo lọ bá wọn ni. Bí àjà ilé bá funfun tí kò sì ga, ẹ tún lè yí orí fíláàṣì sókè kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lu àjà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sára èèyàn. Ojú kò ní máa dán bí ẹni tó fi epo para. Àjà oníigi a máa yí àwọ̀ gbogbo èèyàn padà. Gbọ̀ngàn tiwa kò tilẹ̀ ní àjà nígbà náà, páànù ni a ń wò.

Ọ̀rọ̀ tó kù tó ká mi lára ni ti àwọ̀ wa. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn mọ̀ aṣọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, ó gbà pé ohun yòówù tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa já sí. Ìyá ìyàwó wọ léèsì funfun báláú, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á di eérú, ojú ìyá á di èédú, wọ́n á sì ní fótògíráfà ló sọ màmá dúdú. Níbẹ̀, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ó kéré tán ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ pé kọ́tínì dúdú ló wà lẹ́yìn olùsọ̀rọ̀, òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Èmi ní tèmi, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: mo máa nà án sínú iná tó ń tàn sójú ẹni tí mo fẹ́ yà, kámẹ́rà á wò ó, n ó wá fi ìlọ́po méjì kún ohun tó bá sọ. Àtẹ́lẹwọ́ pupa àti dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹ má sì rò pé ojú yín ló ń tàn yín bí ẹ bá wo fótò àtijọ́ tí ẹ rí i pé àwa dúdú kò jáde dáadáa níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwọn ilé ìfọ̀tò fi ń tún àwọ̀ ṣe, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é, orúkọ òṣìṣẹ́ Kodak kan tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Bí ara Shirley bá ti dáa, iṣẹ́ parí. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè tiwa.

Ayé ti yí padà. Kámẹ́rà tí mo gbé wá lónìí lè lo 3200 tàbí 6400 níbi tí fílíìmù mi ti lo 100. Fótò á ní iyanrìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní iyanrìn! Ojú ṣì wà nínú fótò oníyanrìn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹni inú rẹ̀ mì, kò sóògùn tó lè mú ojú rẹ̀ padà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, 1/125 máa ń mú un. Oníjó, ẹ lọ sí 1/250. Tàbí kí ẹ ṣe bíi tèmi, kí ẹ máa fetí sí onílù. Bí onílù bá fẹ́ yí ọwọ́ padà, oníjó á dúró fìrí, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìgúnpá mọ́ ìhà, ẹ fara ti òpó, ẹ mí síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ètò alẹ́ tó wà nínú rẹ̀ máa ń ya fótò púpọ̀ léra wọn, á wá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ó dáa fún ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá fi ya oníjó, á di iwin ọlọ́wọ́ mẹ́fà. Bí ẹ bá sì rí ìlà dúdú-dúdú tó dábùú fótò lábẹ́ àwọn iná funfun gígùn yìí, fóònù yín kò bàjẹ́. Iná wa ní ilẹ̀ yìí jẹ́ 50 hertz, irú iná bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ni kò lè rí i. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá gbà fún un, kó lo 1/50 tàbí 1/100, ìlà náà á lọ.

Akọ̀wé ti ń wo aago, ìrẹsì sì ti ń ta sánsán. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Mo rí olùkọ́ wa mẹ́ta níwájú níbí. Ìyá wa tó kọ́ wa ní Bàọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sún àga yín díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ fèrèsé yẹn kí oòrùn tó wọ̀ tán. Ẹ má wo kámẹ́rà rárá, ẹ máa bá Baba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹni tó bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tanná, kó jọ̀ọ́ bá wa tan ti apá òsì. Mo ti ṣí ihò lẹ́ǹsì sí 1.8, bátìrì méjì sì wà lápò mi. Kí oṣù yìí tó parí, fótò náà á ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, ní títẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù, n ó sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀.