Ìwé Èsì Tó Wà Lára Ògiri

Ṣé ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2015? Ọ̀jọ̀gbọ́n Jega, alága àjọ elétò ìdìbò nígbà náà, jókòó l'Ábùjá, wọ́n ń gbé èsì ìbò ààrẹ wá bá a. Ta ló rójú oorun? Rédíò wà létí. Bírò wà lọ́wọ́. Wọ́n dárúkọ ìpínlẹ̀ kan, ìyá aláta kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dárúkọ òmíràn, télọ̀ dá máṣíìnì dúró, ó ń rò ó pọ̀. Ẹnì kan hó yèè. Ẹlòmíràn káwọ́ lérí.

Àmọ́ ṣé Ábùjá ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde èsì? Rárá o. Ibùdó ìdìbò yín ni, níbi tí ẹ ti jọ ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lẹ ìwé èsì mọ́ ògiri. Ó máa ń dùn mí tí àwọn kan bá ní kí ìyá aláta dìbò tán, kó lọ sùn. Ẹni tó tò sínú oòrùn, tó tẹ̀ka, kí ló dé tí kò ní ka ìbò rẹ̀ dópin?

Lọ́jọ́ ìbò tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè lọlé. Ẹ dúró kí wọ́n kà á. Ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò ìwé èsì ara ògiri yẹn.